Ẹ̀dọ̀ tó daṣẹ́ sílẹ̀: kí ló ń fà á, báwo ni wọ́n sì ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ ló gba orí fóònù n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti àsàlátù tàbí ti àwọn òbí ọmọ ilé ìwé á ti gbọ́ ọ̀kan, ó kéré tán, nínú ohùn tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ fi ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀kan ní Panadol ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kí kálukú kó ti ilé rẹ̀ dà nù. Òmíràn ní ẹ̀pà ni. Ẹnì kan ní àgbo ló fà á, ẹlòmíràn dá a lóhùn pé àgbo gan-an ni oògùn rẹ̀, ìgò mẹ́ta péré, ẹ̀dọ̀ á mọ́ tónítóní. Láàárín gbogbo rẹ̀, àwòrán aláìsàn kan á wọlé, ikùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n, nọ́ńbà àkáǹtì wà lábẹ́ rẹ̀: ẹ ṣàánú wa, wọ́n ní ká gbé e lọ sí India.

Gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí ló di etí kan mú lára ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti wọlé. Ẹ̀dọ̀ tó daṣẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Ibi tí oríṣiríṣi àìsàn ń já sí ni. Ọ̀nà tí ti aláìsàn gbà débẹ̀ ni dókítà máa kọ́kọ́ wá, nítorí oògùn tó gba ẹnì kan là lè máà wúlò rárá fún ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì.

Iṣẹ́ wo ni ẹ̀dọ̀ ń ṣe gan-an?

Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀, abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ló sì wà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé èròjà oúnjẹ, ọtí àti oògùn bọ̀ láti inú ìfun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yà kó tó dé ibòmíràn lára. Òun ló ń pa májèlé inú rẹ̀. Òun ló ń ṣe òróòro tí ara fi ń da oúnjẹ ọlọ́ràá. Ó ń fi ṣúgà pamọ́ de ìgbà tí ebi bá dé, ó ń ṣe èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́, ó sì ń ṣe albumin, èròjà tí kì í jẹ́ kí omi inú ẹ̀jẹ̀ jò sínú ara.

Ẹni tó bá mọ èyí, àmì àìsàn náà ò ní ṣàjèjì sí i. Tí ẹ̀dọ̀ ò bá lè kó pàǹtí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó kúrò mọ́, ẹyinjú á di àwọ̀ ìyeyè, ìtọ̀ á ṣú. Tí kò bá rí èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ṣe, èrìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ ò sì ní tètè gbẹ. Tí albumin bá dín kù, tí ẹ̀jẹ̀ ò tún rọ́nà gba inú ẹ̀dọ̀ tó ti le kọjá, omi á kún ikùn, ẹsẹ̀ á wú.

Ẹ̀dọ̀ ní ìfaradà púpọ̀. Ó lè máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún kí olúwarẹ̀ máa lọ síbi iṣẹ́, kó máa jó lóde àríyá, kó má mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ìdí nìyẹn tí ẹbí fi máa ń sọ pé òjijì ló bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n rí i ló jẹ́ òjijì. Àìsàn náà ti pẹ́ nílé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tún ń pa á pọ̀ mọ́ kíndìnrín. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ lè máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀dọ̀. Àwọn kan wà láwọn ilé ìwòsàn ńlá tó lè ràn án lọ́wọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè bá a ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ títí.

Ṣé bákan náà ni gbogbo rẹ̀ ṣe ń wá?

Rárá. Èyí tó máa ń yá ń ṣe ẹni tí kò ní àìsàn ẹ̀dọ̀ rí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú á pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ò ní dì mọ́, ọpọlọ á sì dàrú. Àpọ̀jù paracetamol, ìyẹn oògùn tó wà nínú Panadol, lè fà á, hepatitis A, B tàbí E, àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ẹ̀dọ̀ jà, lè fà á, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ náà lè fà á lára àwọn kan. Ó léwu gan-an, ó lè pa èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n tí ẹni náà bá yè é, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè hù padà pátápátá.

Èyí tó máa ń pẹ́ ni ti ẹ̀dọ̀ tí ọgbẹ́ ti jinná lórí rẹ̀ léraléra títí tó fi di kìkì àpá, tó le, tó sì ṣe kókó-kókó. Òun làwọn dókítà ń pè ní cirrhosis.

Ẹ̀kẹta ló máa ń ru ẹbí lójú jù. Ẹnì kan ti ní àpá nínú ẹ̀dọ̀ láìmọ̀. Ibà kan tàbí kòkòrò kan wọ ara rẹ̀, tàbí ó mutí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí ó lo oògùn kan tí kò bá a lára mu. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀dọ̀ tó ń rọ́jú ṣiṣẹ́ dá a sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn yìí ni gbogbo ayé á máa dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù.

Kí ló ń fà á lọ́dọ̀ tiwa?

Hepatitis B ló ṣíwájú, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tàbí mẹ́dọ̀wú. Nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018, ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló ní in lára. Hepatitis C jẹ́ ìdá 1.1. Lágbàáyé, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kà á pé mílíọ̀nù 254 èèyàn ló ń bá hepatitis B gbé lọ́dún 2022.

Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà ràn, àti nínú ìbálòpọ̀. Abẹ́ tí wọ́n fi kọ ilà tàbí dákọ fún ẹni méjì, abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀mejì, bíléèdì tí wọ́n fi gé irun tàbí èékánná fún oníbàárà kan tẹ̀ lé òmíràn, gbogbo rẹ̀ lè gbé e, nítorí fáírọ́ọ̀sì náà lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ṣe pàtàkì jù lọ́dọ̀ wa ni ti ìyá sí ọmọ lásìkò ìbí, àti ti ọmọdé sí ọmọdé. Ọmọ tó bá kó o lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, nínú mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni kò ní lọ lára rẹ̀ mọ́. Àgbàlagbà tó bá kó o, nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó máa dúró sí lára ò tó márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀, torí ó ti tú ilé púpọ̀ ká. Obìnrin kan lọ ṣàyẹ̀wò aboyún, wọ́n bá hepatitis B lára rẹ̀, ọkọ délé, ó ní níbo lo ti rí i. Tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ní kí àfẹ́sọ́nà méjì lọ ṣàyẹ̀wò, ìgbéyàwó sì dàrú. Ẹni tó ní in lónìí lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé láti ìkókó ló ti wà lára rẹ̀. Àyẹ̀wò náà kì í sọ ọjọ́ tó wọlé, kì í sì í ṣe ẹ̀rí àgbèrè.

Ọtí náà wà níbẹ̀: bíà, ògógóró, àti páràgà tí wọ́n ń tà nínú gáréèjì láàárọ̀ kùtù, níbi tí ọtí líle àti egbò ti jọ wà nínú ife kan. Bí ó ṣe pọ̀ tó àti iye ọdún ló ń sọ ohun tó máa dà. Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ sì ń pọ̀ sí i láàárín àwọn tó sanra àti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kódà bí wọn ò bá fi ọtí kan ẹnu.

Ẹ̀pà ńkọ́?

Ní ọjà Bódìjà, ẹ wo àwọn ìyá tó ń ṣa ẹ̀pà lórí atẹ. Ọwọ́ kan ń tàn án kálẹ̀, èkejì ń yọ èyí tó rún, èyí tó dúdú, èyí tó ti hu funfun, wọ́n ń sọ ọ́ sínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀pà tó kù lórí atẹ ò níṣòro púpọ̀. Ti inú abọ́ yẹn ló yẹ kí oníbàárà béèrè ibi tó ń lọ, nítorí bí wọ́n bá tà á lówó pọ́ọ́kú fún ẹni tó fẹ́ lọ̀ ọ́, ojú ò ní dá a mọ̀ mọ́.

Ohun tó ń hu lára ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa ń ṣe májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Fífọ̀ ò lè mú un kúrò, iná ìdáná ò sì lè pa gbogbo rẹ̀. Tó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè pa ẹ̀dọ̀ kíákíá: lọ́dún 2004 ní Kenya, èèyàn 317 ni àgbàdo tó ní májèlé yìí dá dùbúlẹ̀, 125 nínú wọn ló kú. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kó máa wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kó wá di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá lára ẹni tó ti ní hepatitis B. Àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́ lọ́nà tó burú.

Níhìn-ín n'Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìdènà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, àti ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà ló ṣe Aflasafe, tí àgbẹ̀ máa ń fọ́n sínú oko. Irú ohun tó ń hu ọ̀hún náà ni, àmọ́ èyí tí kò ní májèlé, tó máa gba ilẹ̀ mọ́ èyí tó ní in lọ́wọ́. Ẹ̀pà tó gbẹ, tó dán, tí wọ́n sì ṣà dáadáa, ẹ jẹ ẹ́.

Ṣé òótọ́ ni pé Panadol ń pa ẹ̀dọ̀?

Àpọ̀jù rẹ̀ ni. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ò gbọ́dọ̀ kọjá gíráàmù mẹ́rin lóòjọ́, ìyẹn oníhóró 500mg mẹ́jọ. Ibi tí ewu wà ni pé paracetamol wà nínú oògùn ọ̀fìnkìn, ó wà nínú oògùn ara ríro, ó sì lè wà nínú àdàlù tí wọ́n dì sínú ọ̀rá fún èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ẹni tó bá lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ti kọjá ààlà láìmọ̀. Oògùn tó ń pa oró rẹ̀ wà, N-acetylcysteine, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́jọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ara lè yá ẹni tó lò ó jù, kó jọ pé kò sí nǹkan. Kí wọ́n má dúró wo bó ṣe máa rí; kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó máa ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé ẹni tó ti ní cirrhosis, àwọn dókítà ṣì máa ń gbà á láyè láti lo paracetamol, tí kò bá ti ju gíráàmù méjì lọ lóòjọ́. Ibuprofen àti diclofenac, àwọn oògùn ara ríro mìíràn, ni wọ́n ń sá fún, torí wọ́n lè dá kíndìnrín irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró, kí wọ́n sì mú kí ikùn ṣẹ̀jẹ̀.

Àgbo ń kó?

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti gbóná jù. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní àwọn baba wa lo ewé, wọ́n yè, pé àwọn tó ti lo tiwọn tó lọ ṣàyẹ̀wò, tí wọn ò rí hepatitis B mọ́, wà láàyè tí wọ́n lè jẹ́rìí. Àwọn dókítà ní àwọn ò mọ ohun tó wà nínú ìgò náà, àwọn ò mọ ìwọ̀n rẹ̀, pé àwọn ewé àti egbò kan ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ ò lágbára láti bá ohun tuntun jà.

Ẹlẹ́rìí lè máa sọ òótọ́ kó má jẹ́ àgbo ló wò ó. Bí mo ṣe kọ ọ́ lókè, èyí tó pọ̀ jù nínú àgbàlagbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó hepatitis B ni ara wọn máa lé e jáde fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Ohunkóhun tí wọ́n bá ń mu lásìkò yẹn ni wọ́n máa gbé orí bá, ì báà jẹ́ omi kànga. Ti nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára páálí náà, ọ̀pọ̀ oògùn ewé ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń wò wò. Kí ẹ ka ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ewé oògùn ní Yunifásítì Ìbàdàn ń yẹ ewé wò níkọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n ewé tí wọ́n ń yẹ̀ wò kọ́ ni àgbo ìgò mẹ́ta.

Kí ló dé tí aláìsàn á fi máa sọ ìsọkúsọ?

Ammonia tó ń ti inú ìfun wá, tí ẹ̀dọ̀ ò rí pa mọ́, ló ń dé ọpọlọ. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá tó máa ń sùn lálẹ́ á máa sùn lọ́sàn-án, á wá lajú sílẹ̀ lóru. Ìfọwọ́sí rẹ̀ lórí ìwé báńkì á yí padà. Dókítà á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì síwájú, kẹ́ ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè," ọwọ́ náà á máa já wálẹ̀, á tún gbéra, á tún já. Tí wọn ò bá tètè dá sí i, ó lè sùn lọ kó má jí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣìnà nìyí. Ikùn wú, ó ń sọ̀rọ̀ kátikàti, wọ́n ní wọ́n ti fún un jẹ lójú oorun, wọ́n gbé e kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ sí orí òkè. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oògùn tí wọ́n ń lò kò le: lactulose, omi dídùn tó ń jẹ́ kó yàgbẹ́ rírọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ kí ammonia lè bá a jáde, nígbà mìíràn rifaximin, oògùn tó ń pa kòkòrò inú ìfun, pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n á tún wá ohun tó tì í sínú rẹ̀: àìlèyàgbẹ́, kòkòrò, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ikùn, tàbí oògùn oorun tí ẹnì kan fún un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyókù?

Orísun rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú. Hepatitis C ṣeé wò pátápátá: hóró sofosbuvir àti daclatasvir, ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó sì ń lọ lára èyí tó ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Hepatitis B ò tíì ní oògùn tó ń lé e lọ tán, ṣùgbọ́n tenofovir tàbí entecavir lójoojúmọ́ máa ń so ó mọ́lẹ̀, ẹ̀dọ̀ tó ti ń le sì lè rọ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá dá a dúró láìsọ fún dókítà, fáírọ́ọ̀sì náà lè jí padà lójijì kó sì daṣẹ́ ẹ̀dọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ọtí ṣe é, ọtí gbọ́dọ̀ dópin.

Omi inú ikùn: iyọ̀ á dín kù (Maggi náà iyọ̀ ni), wọ́n á lo spironolactone àti furosemide, àwọn oògùn tó ń jẹ́ kí aláìsàn tọ omi náà jáde. Tó bá ti pọ̀ jù, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fà á jáde, lítà lórí lítà, wọ́n á sì fi albumin sí i lára tó bá ju lítà márùn-ún lọ. Fífà á kì í pa èèyàn bí wọ́n ṣe ń sọ. Kòkòrò tó wọ inú omi náà ló ń pa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò. Tí aláìsàn bá bì ẹ̀jẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú ọ̀nà ọ̀fun ló sábà máa ń bẹ́. Wọ́n á ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹnu wọlé, wọ́n á fi rọ́bà kékeré so ó. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH nìyẹn, kò sì ṣeé sún di ọ̀la.

Ti oúnjẹ, wọ́n ti yí i padà. Nígbà kan, àwọn dókítà fúnra wọn ń sọ pé kí aláìsàn má jẹ ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà. Ní báyìí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá ń rù ló ń tètè kú. Kó jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, kó sì jẹ nǹkan díẹ̀ kó tó sùn.

Pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ńkọ́?

Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Thomas Starzl, ló kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ lára èèyàn, ní Denver l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1963. Lónìí, láwọn ibi tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa, nínú aláìsàn mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan. Kì í ṣe dandan kí ẹ̀dọ̀ tó wọlé jẹ́ ti òkú. Ẹbí tí ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu lè fún un ní ìdajì ó lé díẹ̀ nínú tiẹ̀, ti àwọn méjèèjì á sì hù padà láàárín oṣù mélòó kan. Ewu tó wà fún ẹni tó fún un kéré, ṣùgbọ́n ó wà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ẹbí fipá mú un. Ẹni tó gbà á á máa lo oògùn títí ayé kí ara má bàa kọ̀ ọ́.

Owó ló mú kí ọ̀pọ̀ máa ṣe ìkéde, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ilé wa ni wọ́n ń gbé gba India, owó náà dọ́là ni. Kí ìdílé tó ta ilẹ̀, kí wọ́n béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ dókítà: kí ló fa ti èèyàn wa, ǹjẹ́ ohun tó kù tí a lè tọ́jú wà? Jẹjẹrẹ tó ti tàn ká, tàbí ọkàn tí kò lágbára, lè mú kí wọ́n kọ iṣẹ́ abẹ náà. Lórí ẹni tí ọtí ṣe é, ẹnu àwọn dókítà fúnra wọn ò kò: àwọn kan ní kó fi ọtí sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kó tó tò sórí ìlà, àwọn mìíràn ní ọ̀pọ̀ ò ní rí oṣù mẹ́fà náà gbé.

Ẹni tí wọ́n bá hepatitis B lára rẹ̀, ṣé kó ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀?

Kó má yà á. Àwo, ṣíbí, ìdìmọ́ra, ìkíni lọ́wọ́, oúnjẹ tó sè, kò sí èyí tó ń gbé hepatitis B. Bíléèdì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ìgékánná ni kó ní tirẹ̀.

Àríyànjiyàn tuntun wà lórí ẹni tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ní in ni wọ́n ń sọ fún pé kó lọ, kó máa padà wá ṣàyẹ̀wò. Lọ́dún 2024, WHO mú un gbòòrò, débi pé ó ju ìdajì àwọn tó ní in lọ tó lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí gbogbo ẹni tó ní in máa lò ó. Àwọn mìíràn ní ta ló máa san owó rẹ̀, ta ló máa tẹ̀ lé wọn fún ogún ọdún.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó jọ ń gbé ilé kò ní àríyànjiyàn. Nàìjíríà ò fi abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B kún ti ọmọdé títí di ọdún 2004, nítorí náà ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ò gbà á rí. Tí wọ́n bá bá a lára ẹnì kan, kí ọkọ, ìyàwó, ọmọ, àbúrò àti ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà nínú ilé náà lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹni tí kò ní, kó gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, kó gba èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta lóṣù kẹfà. Aboyún tó bá ní in, kó sọ fún agbẹ̀bí ṣáájú ọjọ́ ìkúnlẹ̀, kí wọ́n lè fún ìkókó náà ní tirẹ̀ láàárín wákàtí 24.